Hubert Ògúndé: Olórin Tí Ìjọba Gbé Eré Rẹ̀ Kúrò Lórí Ìtàgé ní Òkè Ọya

Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní òtítọ́ dé ọjà, ó kùtà; owó lọ́wọ́ ni à ń ra èké. Bí a bá fi ojú òwe yìí wo ìgbésí ayé Olóògbé Olóyè Hubert Adédèjì Ògúndé, a ó rí i pé ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀. Òtítọ́ tí Ògúndé gbé lọ sí ọjà kò kùtà rárá. Àwọn ènìyàn fi owó wọn rà á, wọ́n sì tún ń béèrè sí i. Àwọn tí ń ṣọ́ ọjà ni kò jẹ́ kí ó tà á tán. Ẹ̀ẹ̀mejì ni èyí ṣẹlẹ̀ sí i ní Òkè Ọya níhìn-ín kí òmìnira tó dé, ìgbà kìíní ní Jos, ìgbà kejì ní Kánò. Ìgbà kẹta ṣẹlẹ̀ sí i ní ilé, láàrin àwọn ènìyàn tirẹ̀, lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti kó ẹrù wọn lọ.

Púpọ̀ nínú àwa tí a ń gbé ní Sabon Gari ni ó mọ Ògúndé gẹ́gẹ́ bí bàbá arúgbó inú fíìmù Aiyé àti Jáiyésinmi, ẹni tí ń bá àwọn àjẹ́ jagun. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó mọ̀ pé nígbà tí ó wà ní ọ̀dọ́, tí iṣẹ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra, a ti dá eré rẹ̀ dúró ní ìlú tí a ń gbé yìí, a sì ti mú un dé iwájú adájọ́. Ìtàn náà yẹ ní mímọ̀, nítorí pé àwọn baba wa tí wọ́n kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ ojú irin wá sí ìhín wà nínú rẹ̀.

Ní ọdún 1916 ni a bí Ògúndé ní ìlú Ọ̀sọsà, tí kò jìnnà sí Ìjẹ̀bú-Òde. Jeremiah Deinbo Ògúndé ni orúkọ baba rẹ̀, ó sì jẹ́ oníwàásù nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi. Eunice Owótusàn ni orúkọ ìyá rẹ̀, ẹ̀sìn ìbílẹ̀ ni a sì ń ṣe ní ilé baba ìyá rẹ̀ yìí. Nítorí náà, ọmọ náà gbọ́ orin ìsìn ní apá kan, ó sì gbọ́ ìlù òrìṣà ní apá kejì. Kò sì jìnnà sí àwọn eégún alárìnjó tí ń ti ìlú dé ìlú láti ṣeré. Bí a bá ń béèrè ibi tí Ògúndé ti kọ́ eré ṣíṣe, ibẹ̀ ni kí á kọ́kọ́ wò kí á tó darúkọ ilé ẹ̀kọ́ kankan.

Ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ní Ọ̀sọsà, ní Èkó àti ní Ìjẹ̀bú-Òde. Láti ọdún 1933 ni ó ti ń ṣe olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ tí òun fúnra rẹ̀ ti kàwé ní Ọ̀sọsà, ó sì ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ní ọdún 1941 ni ó fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀, tí ó wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá ní Ìbàdàn. Lẹ́yìn ọdún méjì, wọ́n gbé e lọ sí Ẹ̀búté-Mẹ́ta ní Èkó. Kí òǹkàwé fi èyí sí ọkàn, nítorí pé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ rí ni yóò padà wá fi òfin gbé e.

Ní Èkó ni ó ti di ọmọ Ìjọ Olúwa, ọ̀kan nínú àwọn ìjọ Aládùúrà. Ìjọ náà ń wá owó tí wọn yóò fi kọ́ ilé ìsìn, wọ́n sì ní kí ọlọ́pàá tí ó mọ orin yìí ṣe ohun kan tí àwọn ènìyàn yóò sanwó wò. Ó gbé ìtàn Ádámù àti Éfà kalẹ̀, ó fi orin sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì pe orúkọ rẹ̀ ní ìtàn Ọgbà Édẹ́nì àti Ìtẹ́ Ọlọ́run. Ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹfà ọdún 1944, wọ́n ṣe eré náà ní gbọ̀ngàn Glover ní Èkó. Àwọn èrò gbà á tayọ̀tayọ̀. Irú eré bẹ́ẹ̀ ti wà nínú àwọn ìjọ kí Ògúndé tó dé, ṣùgbọ́n àwọn akọrin a máa dúró gbagidi bí ẹni tí ń ka Kátíkísìmù. Ògúndé mú kí wọ́n jó, kí wọ́n fi ara sọ ọ̀rọ̀, kí wọ́n sì rìn bí ènìyàn ti ń rìn láyé.

Ní ọdún 1945 ó fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀, ó sì dá ẹgbẹ́ òṣèré tirẹ̀ sílẹ̀, èyí tí ó pè ní African Music Research Party. Ohun tí ó ṣe yìí kì í ṣe ohun kékeré. Nígbà náà, ẹni tí ó bá fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ lọ máa kọrin, àwọn ẹbí rẹ̀ yóò ní wọ́n ti ṣe é. Ojú alágbe ni a fi ń wo òṣèré. Ògúndé ni ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ eré orí ìtàgé òde òní di iṣẹ́ tí a ń fi tọ́jú ilé láàrin wa.

Ọdún náà gan-an ni ìyanṣẹ́lódì ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Ogun àgbáyé ti mú kí oúnjẹ wọ́n, owó oṣù kò sì kúrò lójú kan. Ìjọba ń fi agbára pinnu iye tí a ó ta gàrí àti àwọn oúnjẹ mìíràn ní Èkó, nínú ètò tí àwọn ará ìlú so mọ́ orúkọ òyìnbó kan tí ń jẹ́ Pullen, àwọn ìyálọ́jà sì ń fi ohùn líle kọ̀ ọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ní kí ìjọba fi ìdajì kún owó tí a ń san fún wọn nítorí ọ̀wọ́n ọjà, kí lébìrà sì máa gba ṣílè méjì àbọ̀ ní ọjọ́ kan, ó kéré tán. Nígbà tí ìjọba kò dáhùn, wọ́n dá iṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kẹfà. Michael Imoudu, olórí àwọn òṣìṣẹ́ réluwè, wà ní iwájú wọn. Ọkọ̀ ojú irin dúró, wáyà kò lọ, ìyanṣẹ́lódì náà sì lé ní ogójì ọjọ́. Gómìnà Arthur Richards ti ìwé ìròyìn West African Pilot àti Daily Comet pa ní oṣù keje.

Ṣùgbọ́n gómìnà kò ronú kan orin. Kí ọdún náà tó parí, Ògúndé ti gbé eré tuntun jáde, Strike and Hunger, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ Ìyanṣẹ́lódì àti Ebi. Kò dárúkọ gómìnà, kò sì dárúkọ Pullen. Ìtàn ọba òǹrorò kan ni ó sọ, àti ti ìlú tí ebi ń pa lábẹ́ rẹ̀. Kò sí òṣìṣẹ́ réluwè tí ó jókòó nínú gbọ̀ngàn tí kò mọ ẹni tí ọba náà í ṣe. Báyìí ni àwọn baba wa ti ń pòwe láti ayébáyé: a kì í darúkọ, ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ni í mọ ara rẹ̀.

Ní ọdún 1946, Ògúndé gbé eré náà gòkè Ọya. Ó yẹ kí a ṣàlàyé ìdí tí òṣèré Èkó fi rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1911 ni ojú irin láti gúúsù dé Kánò. Lóòótọ́, àwọn Yorùbá oníṣòwò ti ń gbé inú odi Kánò tipẹ́tipẹ́ ṣáájú èyí, àdúgbò Àyàgì sì jẹ́ ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n ojú irin ni ó kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ wá: akọ̀wé, télọ̀, lébìrà, oníṣòwò obì, ìyá olóúnjẹ. Ìjọba kò jẹ́ kí wọ́n gbé inú odi pẹ̀lú àwọn onílé. Wọ́n gé ilẹ̀ fún wọn ní ẹ̀yìn odi, wọ́n sì pè é ní Sabon Gari, ìlú tuntun. Ní ilé, ọ̀rọ̀ kan náà ni a gé kúrú tí a sọ di Sábó, tí a fi ń pe àdúgbò àwọn Haúsá ní Ìbàdàn àti ní Ṣàgámù. Àlejò ní ìhín, àlejò ní ọ̀hún, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́.

Irú àdúgbò báyìí wà ní ìlú ńlá púpọ̀ tí ojú irin gbà kọjá ní Òkè Ọya. Àwọn tí ń gbé inú wọn ń gba owó oṣù, wọ́n sì ń fẹ́ gbọ́ èdè wọn. Ẹni tí ó ti jáde nílé fún ọdún mẹ́ta tí ó gbọ́ pé ẹgbẹ́ òṣèré ti Èkó dé, kì í béèrè iye tí a ń gbà ní ẹnu ọ̀nà. Àwọn ni Ògúndé gbára lé. Kò gba owó ìrànwọ́ lọ́wọ́ ìjọba tàbí lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ kankan. Owó ẹnu ọ̀nà ni ó fi ń bọ́ àwọn òṣèré, òun ni ó sì fi ń san owó ọkọ̀.

Eré Strike and Hunger dé Jos, ibẹ̀ ni àwọn ọlọ́pàá sì ti dá a dúró. Wọ́n mú Ògúndé, wọ́n gbé e lọ sí ilé ẹjọ́, wọ́n sì bu owó ìtanràn £125 fún un. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò owó yìí. Ṣílè méjì àbọ̀ ni lébìrà ń béèrè fún iṣẹ́ ọjọ́ kan, tí ìjọba ní ó ti pọ̀ jù. £125 jẹ́ owó iṣẹ́ ẹgbẹ̀rún ọjọ́ kan gééré ní iye yẹn, èyí tí ó lé ní ọdún méjì àti oṣù mẹ́jọ bí a kò bá sinmi ọjọ́ kankan. Òun ni wọ́n bù fún ọkùnrin kan tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún kan tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí a má fi ìbínú ro ọ̀rọ̀ náà nìkan. Ní oṣù mélòó kan ṣáájú, ní ọdún 1945, ìjà ti ṣẹlẹ̀ ní Jos láàrin àwọn Haúsá àti àwọn Ìgbò, àwọn aláṣẹ sì ń bẹ̀rù kí iná náà má tún jó. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù mìíràn wà ní abẹ́ èyí tí wọ́n ń sọ. Wọ́n gbà pé àwọn ará gúúsù tí ń ka ìwé ìròyìn ni yóò kó ọ̀rọ̀ òṣèlú ran ilẹ̀ àwọn Ẹ́míà. A lè ti ìwé ìròyìn pa fún ẹni tí ó mọ̀wé. Ṣùgbọ́n orin kò béèrè bóyá ènìyàn mọ̀wé. Òun ni ó mú kí wọ́n bẹ̀rù Ògúndé ju àwọn akọ̀wé lọ.

Ògúndé san owó náà, kò sì ká ẹsẹ̀ kò. Ní ọdún 1946 kan náà ni ó fi ìkéde sí inú ìwé ìròyìn pé òun ń wá àwọn obìnrin tí yóò máa gba owó oṣù fún eré ṣíṣe, ohun tí ojú kò rí rí. Nígbà tí ó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ àwọn òṣèrébìnrin rẹ̀ ní ìyàwó kí àwọn ẹbí wọn má baà fà wọ́n padà sílé, ó sì di ẹni tí ó ní ìyàwó púpọ̀ tí gbogbo wọn jẹ́ òṣèré. Ní ọdún 1947 ó lọ sí London pẹ̀lú Clementina ìyàwó rẹ̀ láti kọ́ ijó.

Ọdún méjì lẹ́yìn èyí, ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kọkànlá ọdún 1949, àwọn ọlọ́pàá tí òyìnbó kan jẹ́ olórí wọn yìnbọn lu àwọn awakùsà èédú ní Iva Valley, ní Enugu. Àwọn awakùsà mọ́kànlélógún ni ó kú. Jákèjádò Nàìjíríà ni a ti sunkún. Ní ọdún 1950, Ògúndé gbé Bread and Bullet jáde, èyí tí í ṣe Burẹ́dì àti Ọta Ìbọn. Yorùbá ni Ògúndé, Ìgbò sì ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó kú, ṣùgbọ́n kò wo ti ẹ̀yà. Ohun tí ó rí ni pé àwọn ènìyàn béèrè oúnjẹ, a sì fi ìbọn dá wọn lóhùn.

Ó gbé eré yìí náà gòkè Ọya, ó sì dé Kánò. Àkókò náà kò rọgbọ. Ní oṣù kẹrin ọdún 1950 ni ìjọba ti fi òfin de ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ tí a ń pè ní Zikist, tí wọ́n ń fẹ́ kí òyìnbó kúrò kíákíá. Eré tí ó sọ̀rọ̀ ikú àwọn awakùsà kò lè rí ojú rere ní ọ́fíìsì òyìnbó aláṣẹ kankan. Wọ́n fi òfin de eré náà ní Kánò, wọ́n sì mú Ògúndé. Ìwé ìkéde eré tí a lẹ̀ káàkiri láìgba àṣẹ ni ilé ẹjọ́ sì fi rí ẹ̀sùn sí i lọ́rùn, tí a fi gba owó ìtanràn lọ́wọ́ rẹ̀. Owó náà kò tó nǹkan bí a bá fi wé ti Jos. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣòfò ju owó lọ. Àwọn ará Sabon Gari tí wọ́n ti múra sílẹ̀ láti gbọ́ ìtàn náà kò gbọ́ ọ. Ẹgbẹ́ òṣèré sì ní láti jẹun, kí wọ́n sì wá owó ọkọ̀ tí yóò gbé wọn sọ̀kalẹ̀ lọ sílé.

Ó rọrùn fún àwa tí a wá lẹ́yìn láti sọ pé Ògúndé kò bẹ̀rù, pé òfin kò dá a lẹ́kun. Ìtàn kò rí bẹ́ẹ̀ pátápátá. Láti ọdún 1950 ni ó ti yí orúkọ ẹgbẹ́ rẹ̀ padà sí Ogunde Concert Party. Eré ìfẹ́, orin ijó àti àwàdà ni ó pọ̀ nínú ohun tí ó gbé jáde lẹ́yìn náà: My Darling Fatima ní ọdún 1951, Portmanteau Woman ní ọdún 1952, Highway Eagle ní ọdún 1953. Fèrè àti gìtá gba ipò tí ẹ̀fẹ̀ òṣèlú ti wà. A kò lè dá a lẹ́bi. Ẹni tí ó ní ìyàwó, ọmọ àti òṣèré lọ́rùn, tí owó ẹnu ọ̀nà sì jẹ́ ohun kan ṣoṣo tí ó ń jẹ, kò lè jẹ́ kí a ti ọjà Òkè Ọya mọ́ òun lójú lẹ́ẹ̀kẹta. Nítorí náà, àṣẹ tí a pa ní Jos àti ní Kánò ṣe iṣẹ́ díẹ̀. Ó pa ohùn kan lẹ́nu fún ìgbà pípẹ́. Àwọn iṣẹ́ tí ó jọ ti Iva Valley tí ì bá tún kọ ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn, a kò mọ̀ wọ́n, nítorí pé a kò bí wọn.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1953, rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní Kánò, nígbà tí Olóyè S. L. Akíntọ́lá fẹ́ kó àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group wá ṣe ìpàdé níhìn-ín. Fún ọjọ́ mẹ́rin ni a ti pa ara wa, ará gúúsù àti ará àríwá. Láti ìgbà náà, àwọn baba wa ní Sabon Gari mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí a sọ ní gbangba ní ìwúwo.

Ó jọni lójú pé Akíntọ́lá yìí kan náà ni ó wà nínú ìgbà kẹta tí a gbé eré Ògúndé kúrò lórí ìtàgé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1964, nígbà tí ó jẹ́ olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, wọ́n pe Ògúndé láti wá ṣeré ní Ìbàdàn níbi ìfilọ́lẹ̀ Ẹgbẹ́ Ọmọ Ọlọ́fin. Ògúndé gbé Yorùbá Ronú lọ, ìtàn ọba kan tí igbákejì rẹ̀ dalẹ̀ rẹ̀ tí ó sì fà á lé ọ̀tá lọ́wọ́. Ọ̀nà kan náà tí ó gbà ní ọdún 1945 ni ó tún gbà: kò darúkọ ẹnikẹ́ni. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sì wà ní ẹ̀wọ̀n nígbà náà. Akíntọ́lá àti àwọn ènìyàn rẹ̀ dìde, wọ́n bá ìbínú jáde. Ní oṣù kẹta, ìjọba fi òfin de ẹgbẹ́ Ògúndé pé kò gbọdọ̀ ṣeré ní ibikíbi ní Ìwọ̀-Oòrùn.

Ẹ wo bí ayé ti ń yí. Òyìnbó lé e ní Òkè Ọya nítorí pé ó jẹ́ àlejò. Ará ilé lé e nílé nítorí pé ó jẹ́ ará ilé. Ṣùgbọ́n ní àkókò yìí kò dákẹ́. Ní ọdún 1964 kan náà ni ó fi Òtítọ́ Korò fèsì. Ibi tí àṣẹ náà kò dé nìkan ni ó ti lè ṣeré: ní Èkó tí ó jẹ́ olú ìlú ìjọba àpapọ̀ nígbà náà, àti láàrin àwọn ọmọ Yorùbá tí ń gbé lẹ́yìn odi Ìwọ̀-Oòrùn. Ọdún méjì tí a fi ti ilẹ̀kùn ilé mọ́ ọn, àwọn tí kò sí nílé ni wọ́n lè gbọ́ ohùn rẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 1966, gómìnà ológun Ìwọ̀-Oòrùn, Adékúnlé Fájuyì, fagi lé òfin náà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni òkìkí rẹ̀ wá kún. Fíìmù Aiyé jáde ní ọdún 1979, Jáiyésinmi tẹ̀lé e ní ọdún 1980, Àròpin Ń T'Ènìyàn ní ọdún 1982, Àyànmọ́ sì ní ọdún 1988. Yunifásítì fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé. Ìjọba àpapọ̀ pè é láti kó Ẹgbẹ́ Òṣèré Orílẹ̀-Èdè jọ, kí ó sì darí rẹ̀. Ọwọ́ ìjọba tí ó gba owó ìtanràn lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà èwe ni ó fi oyè dé e ní orí nígbà ogbó.

Òkè Ọya sì ni ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ rẹ̀ ìkẹyìn ti wáyé. Ní Toro ní ìpínlẹ̀ Bauchi, ìlú kan ní ojú ọ̀nà Jos, ni wọ́n ti ya fíìmù Mister Johnson, níbi tí ó ti ṣe baba ìyàwó. Ó padà dé ìtòsí ìlú tí wọ́n ti mú un ní ọdún 1946, lọ́tẹ̀ yìí kò sì sí ọlọ́pàá tí ó béèrè àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹrin ọdún 1990, ó jáde láyé ní ilé ìwòsàn kan ní London.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, àwọn tí ó rí eré Ògúndé ní Sabon Gari nígbà náà kò pọ̀ láyé mọ́. Bí bàbá tàbí ìyá àgbà kan bá wà ní àgbàlá yín tí ó wà ní Kánò tàbí ní Jos ní àkókò wọ̀nyẹn, ẹ bi í léèrè ohun tí ó rántí, kí ẹ sì mú àwọn ọmọ yín jókòó tì í. Ìwé ẹjọ́ yóò sọ iye owó ìtanràn fún wa. Ṣùgbọ́n orin tí a kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ tán, ẹnu àwọn tí ó gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìkan ni ó kù sí.